Ẹ̀ṣọ́ Àyálò

Àbúrò kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Ilé-Ifẹ̀ pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, lẹ́tà kékeré kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ." Lẹ́tà kékeré náà ni pé kí n jẹ́rìí sí i pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni olùdásílẹ̀ àti alága àjọ aláàánú kan tó ti ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni alága. Mo ka á sẹ́yìn: ọdún tí wọ́n ní ó dá àjọ sílẹ̀ ni ọdún tó káyín, tí èmi àti òun jọ ju eyín náà sórí òrùlé. Kò sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ìgbìmọ̀ ń dúró de òun nípàdé.

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀dìn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tiwa, ìdánwò ni ọmọ ń ṣe. Bó bá yege, wọ́n á fún un ní ìwé ohun tí yóò gbé dání, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àdá, gàrí, ó parí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè ni àbúrò mi ń wò, tàbí, bí owó ọkọ̀ òfuurufú bá wọ́n jù, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè tó ti wá bá wa nílé, bíi Charterhouse tí wọ́n dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1611, tó sì ṣí ẹ̀ka ní agbègbè Lẹ́kkì ní 2024. Máàkì nìkan kì í tó nínú fọ́ọ̀mù irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún bèèrè pé, lẹ́yìn ìwé, kí ni ọmọ yìí ń ṣe?

Ejẹ́ǹtì kan n'Ìbàdàn, tó ń gbowó lórí fọ́ọ̀mù kíkún, sọ fún àbúrò mi pé àyè ìdáhùn yẹn kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Ohun èlò orin kan, eré ìdárayá kan tí tálákà kì í ṣe, ipò aṣáájú kan, àti àánú. Àánú ṣe pàtàkì, ó ní, ó sì gbọ́dọ̀ ní fọ́tò.

Ni wọ́n bá ra fáólìnì. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ń wá kọ́ ọmọ náà ní Ọjọ́bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan fáólìnì rí. Ó ní orin ni orin. Ewúrẹ́ tó máa ń sùn lábẹ́ fèrèsé wọn ti kó lọ sí ilé kejì. Wọ́n tún ra chess, nítorí Tunde Onakoya ta á fún wákàtí 60 ní New York ní oṣù kẹrin 2024, gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́. Mo rán àbúrò mi létí pé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìkòròdú ni Onakoya ti kọ́ eré náà ní kékeré, nígbà tí kò sí owó ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí fọ́ọ̀mù kankan tó ń kún. Ó ní ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ ejẹ́ǹtì, ó ti ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ náà ń kọ́ àwọn ọmọ onígbàjámọ̀ ní chess.

Ẹṣin, eré ìdárayá tí tálákà kì í ṣe, ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ibi ìnáwó òkú kan ni wọ́n ti háyà rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ọmọ olóòkú gẹṣin káàkiri ìlú. Wọ́n gbé ọmọ náà sórí ẹṣin, wọ́n yá akoto ọlọ́kadà kan dé e lórí. Ríbọ́ọ̀nì òkú wà lọ́rùn ẹṣin. Onífọ́tò ní kí wọ́n má dààmú, òun á fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Ó pa ríbọ́ọ̀nì rẹ́ lóòótọ́. Onílù tó dúró lẹ́yìn, tí wọ́n lẹ owó mọ́ níwájú orí, ni kò rántí.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ohun téèyàn yóò fi yangàn níta, inú ilé rẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ wà. Ti àwa ìsinsìnyí ni pé òde la ti ń háyà ẹ̀ṣọ́, òde náà la ó ti wọ̀ ọ́, òde náà la ó sì ti dá a padà fún olówó rẹ̀, kíákíá pàápàá, nítorí wákàtí ni wọ́n fi ń ka owó ẹṣin.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣọ́ wà nílé, ó kún ilé. Ìyá àbúrò mi yìí ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ló ti ń jókòó tì wọ́n. Ó mọ iyùn yàtọ̀ sí ike. Bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá sì ti ń sún mọ́lé, òun ló ń bá Màmá to iṣẹ́ àwọn oníbàárà. N'Ifẹ̀ ni o, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹpẹtẹ jáde ní Igbó Olókùn, tí wọ́n sì rí i pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló ń ṣe dígí náà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí Charterhouse tó ní bíríkì kan ṣoṣo. Lálẹ́, wọ́n á tẹ́ ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48. Ojú lásán ni ọmọ yìí fi ń ka ohun tó wà nínú ihò. Mo ti jókòó níwájú rẹ̀ rí, n kò ní sọ bó ṣe parí.

Nígbà tí mo wí èyí fún bàbá rẹ̀, àánú mi ṣe é. "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn náà lèèyàn máa kọ ránṣẹ́ sí òyìnbó? Ayò?"

Bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà nìyí tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti gbé gbọ̀ngàn Orí Olókun sáàárín ìgboro ní 1968, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré The Gods Are Not to Blame ti Ola Rotimi lọ́dún yẹn, tí Jimi Solanke òṣèré àti àwọn onílù, àwọn oníjó ń pàdé níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé fọ́ọ̀mù wo ni wọ́n ń kún.

Ìbéèrè ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ìwé, tó ń lé àbúrò mi kiri yìí, náà sì ní ìtàn, ìtàn rẹ̀ kò mọ́. Láàárín 1920 sí 1929, àwọn yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà kan rí i pé àwọn ọmọ Júù ń wọlé jù. Ní 1922, Lowell, ààrẹ Harvard, dábàá pé kí wọ́n fi gègé sí iye wọn. Ariwo ta. Wọ́n wá gba ẹ̀yìn: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìwà ọmọ, fọ́tò rẹ̀, irú ẹni tó jẹ́ lẹ́yìn ìwé. Ìbéèrè tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà láti dá ọmọ ọlọ́mọ padà ni àbúrò mi ń fi owó oṣù dá lóhùn n'Ifẹ̀. Òótọ́ ni pé lónìí, ọ̀pọ̀ ń bèèrè rẹ̀ tinútinú. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọn yóò máa bá gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bèèrè báyẹn, òtítọ́ ló fẹ́ gbọ́, kì í ṣe irọ́ tó gun ẹṣin.

Gbogbo èyí ẹ̀rín ni. Àánú ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n kó ìwé ogún-ewé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan, fọ́tò alága wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n to àwọn ọmọ sínú oòrùn, wọ́n pín in. Onífọ́tò wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní ojú alága kò hàn dáadáa. Ni wọ́n bá gba ìwé padà, wọ́n tún àwọn ọmọ tò, wọ́n tún un pín. Ọmọkùnrin kan kò fẹ́ dá tirẹ̀ padà, ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Wọ́n já a gbà. Ẹ gbọ́ mi o: wọ́n já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ tálákà kí fọ́tò àánú lè dán! Ẹni tó bá ṣe irú èyí, kó má pe ara rẹ̀ ní òbí tó ń gbìyànjú. Olè ni. Mo wí i fún un lójú, n kò sì kọ lẹ́tà. Mo gbọ́ pé alága fúnra rẹ̀ sunkún nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ejẹ́ǹtì kò fi ìyẹn sí fọ́ọ̀mù.

Síbẹ̀, n kò lè kórìíra àbúrò mi. Ọkọ̀ rẹ̀ ló tà tó fi san owó ejẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ síbi iṣẹ́ báyìí, ó sì ń fò fáyọ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá ti fi fáólìnì ké igbe kan ṣoṣo tó jọ orin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ejẹ́ǹtì tún pè. Ó ní fáólìnì ti pọ̀ jù nínú fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ Nàìjíríà, àṣà ìbílẹ̀ ló ń tà báyìí. Ó mọ ẹnì kan l'Ékòó tó ń kọ́ ọmọ ní ayò títa lórí Zoom, dọ́là ló ń gbà, ó sì ń fúnni ní sátífíkéètì. Àbúrò mi pè mí wá sílé pé kí n yá òun lówó díẹ̀ kún un. Mo ní, "Ìyá rẹ tó wà ní pálọ̀ ńkọ́?"

Ó ronú sí i gan-an. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Màámi ní sátífíkéètì ni?"

A kò mọ̀ pé Màmá ń gbọ́. Wọ́n ní kó gbé ọpọ́n wá, kó jókòó. Bí òun bá ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó mú ìwé wá, òun á tẹ̀ka sí i pé òpè ni.