Ràlé, Àlè Bàbá Àgbà

Mi ò ní purọ́: Wọlé Ṣóyínká ló kó bá mi. Ó ṣí àpótí páànù bàbá rẹ̀, ó bá ìwé àti lẹ́tà àtijọ́ níbẹ̀, ó sì fi wọ́n hun ìwé Ìsarà, tó jáde ní 1989. Nígbà tí èmi náà wá tú àpótí wa n'Ìṣẹ́yìn, tí mo bá ìwé tí bàbá àgbà mi, tíṣà ilé ìwé, ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí ní 1953, kí ni mo tún ń wá? Ìwé ìtàn àròsọ ti délé: ọmọge Èkó, fóònù lọ́wọ́, àṣírí ìdílé lórí itan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Bàbá kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Lójú ewé kẹta ni mo ti pàdé Rale. "Mo fi ororo pa Rale lara." Háà! "Rale so mi nu loni. Orunkun mi bo." Mo pàtẹ́wọ́. Obìnrin ti kọ Bàbá, Bàbá sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí awọ orúnkún fi bó! Orí mẹ́sàn-án ni mo fi sunkún ọ̀rọ̀ yìí. Mo fún Ràlé ní èjí, mo fún un ní ìbàdí àrán, mo ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. (Ẹ má dá mi lẹ́bi jù. I. B. Thomas náà dá Ṣẹ̀gílọlá sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929, àwọn òǹkàwé sì gbà pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Àmọ́ Thomas mọ ohun tó ń ṣe.)

Bí mo bá fi mọ síbẹ̀, ì bá sàn. Rárá o, ọjọ́ Àjíǹde tí gbogbo ẹbí pé ni mo kà á sí wọn létí, mo gbóhùn sókè bí oníwàásù. Bí mo ṣe dé ibi orúnkún, Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, mọ́ínmọ́ín fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

"Àdùkẹ́, kẹ̀kẹ́ ni Ràlé! Kẹ̀kẹ́ ológeere tó fi ń lọ ilé ìwé. Àpá ọjọ́ náà ò kúrò lórúnkún rẹ̀ títí a fi sin ín."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yí gbiri sórí ẹní. Àbúrò mi kan ń fẹnu lu aago kẹ̀kẹ́. Ojú tì mí dórí ìka ẹsẹ̀. Kí n lè yí ọ̀rọ̀ náà dà, mo ní ẹ jẹ́ n ka ti ewúrẹ́ Bàbá, èyí tí mi ò tilẹ̀ rí lò nínú ìtàn mi: "Mo gbe isu lo fun Abeke. Ko je e. Inu mi baje."

Ẹ̀rín dá. Ìyá àgbà rọra gbé abọ́ sílẹ̀.

"A ò sin ewúrẹ́ rí nínú ilé yìí," ló wí. "Tún un kà."