Tírélà Kì í Ṣe Òtẹ́ẹ̀lì

Lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ló dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí. Mọ́kànlá nínú wọn ń béèrè èló ni wọ́n ń ta ínfátà. Ẹ lọ bi ẹni tó ń tà á. Ìmọ̀ràn lèmi ń tà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ti rí ìdí tí mi ò fi tíì kọ́lé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú èyí tó dùn.

Dérébà kan kọ̀wé láti páàkì tírélà Ogere: "Ẹ̀gbọ́n, àna mi fún mi ní ínfátà oní-12 fóltì. Rìwáyà ní ká fa wáyà rẹ̀ lára ẹyọ bátìrì kan nínú méjèèjì. Fáànù, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì kékeré àti kẹ́túlù ni mo fẹ́ fi gbé. Ṣé ó dáa?"

Ẹ kú oríire o. Ṣùgbọ́n ṣé àna yín fẹ́ràn yín, àbí ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ gbà padà? Tírélà yín, 24 fóltì ló ń lò: bátìrì oní-12 méjì ni wọ́n so pọ̀ bí ìbejì. Bí ẹ bá so ẹ̀bùn yìí mọ́ méjèèjì, òórùn rẹ̀ lẹ máa gbọ́ kí ẹ tó rí iná rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣe bí rìwáyà ṣe wí, Táyé á máa ṣiṣẹ́, Kẹ́hìndé á máa sùn, ọ́tánétọ̀ á sì máa bu oúnjẹ kan náà fún wọn. Táyé ò ní yó láéláé. Kẹ́hìndé á yó títí omi inú rẹ̀ á fi máa hó. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi ra méjèèjì. Oní-24 ni kí ẹ wá.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Fáànù tábìlì lè gba 50 wáàtì, tẹlifíṣọ̀n kékeré 40, fíríìjì kékeré 80. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíríìjì bá fẹ́ gbéra, ó lè gba ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bí àlejò tó jókòó jẹ́ẹ́ títí tí wọ́n fi gbé ẹran kọjá. Ínfátà 1000 wáàtì á gbé wọn. Ẹ sọ fún oníṣòwò pé "pure sine wave" lẹ fẹ́. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, fáànù á máa kùn lórí ẹ̀, mọ́tọ̀ fíríìjì á sì máa gbóná. Ẹ má kì í bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá o, fúùsì ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 10 tàbí 15 áńpì. Ẹ fà á tààrà láti ara bátìrì, wáyà kúkúrú tó nípọn bí ọmọńdinrín, kí fúùsì wà nítòsí bátìrì gan-an.

Kẹ́túlù ńkọ́? 2000 wáàtì ni! Ó ju 80 áńpì lọ lórí 24 fóltì, ká má tíì ka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bátìrì tó yẹ kó jí ẹ́ńjìnì ní ìdájí, ẹ ti fi se tíì tán lóru. Ẹ lọ bá oní-tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, èédú ló ń lò.

Ẹni tó béèrè àwọ̀ ínfátà tó máa bá kọ́tìnì ọkọ̀ rẹ̀ mu: búlúù.

Ìyàwó dérébà kan ní Ṣágámù ní: "Láti ìgbà tí ọkọ mi ti so ínfátà mọ́ tírélà, kò sùn nílé mọ́. Ó ní fáànù tòun kì í kú."

Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, fáànù ni orogún yín. Ẹ kó àwọn ọmọ, ẹ kó aṣọ wọn tó ti rún, ẹ lọ bá a níbẹ̀. Bí ínfátà rẹ̀ bá jẹ́ 1000 wáàtì, ẹ ki áyọ́ọ̀nù 1200 wáàtì bọ inú rẹ̀. Á ké fíì, á sì pa ara rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ yín á délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò sọ ọ́ o.

Mọ́tò bọ́ì kan kọ̀wé: "Ọ̀gá mi ní ínfátà wọ́n jù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré la máa ń gbé sẹ́yìn orí ọkọ̀ lálẹ́, a ó sì ti wíńdò nítorí ẹ̀fọn. Bí mo bá jí, orí á máa fọ́ mi, èébì á máa gbé mi. Ṣé ibà ni?"

Ọmọ mi, mi ò ní fi tìrẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò rò pé ibà ni. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń jẹ́ carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó máa ń gba ipò atẹ́gùn rere nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó sì ti sùn kì í mọ̀ kó tó pa á. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ yẹn síbẹ̀ lálẹ́ òní. Ṣíṣí wíńdò díẹ̀ kò tó. Lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì mẹ́nu ba jẹnẹrétọ̀ fún dókítà, torí bí o ò bá sọ ọ́, oògùn ibà ni wọ́n lè fún ọ. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ta nẹ́ẹ̀tì rẹ síta, jìnnà sí èéfín, kí o sùn síbẹ̀. Fi lẹ́tà yìí hàn án: fáànù kékeré tó ń lo 24 fóltì wà lọ́jà, ara bátìrì ni wọ́n ń so ó mọ́ tààrà, kò nílò ínfátà kankan. Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ẹni ìkẹyìn ra ínfátà "5000 wáàtì" nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ó ní ó fúyẹ́ bíi búrẹ́dì. Ó gbé fáànù, ó kọ fíríìjì.

Ẹ wo wáyà tó bá a wá. 5000 wáàtì lórí 24 fóltì á fa ju 200 áńpì lọ, tiyín sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tí wọ́n fi ń ṣáàjì fóònù. Ara páálí lẹ ti ra 5000. Ẹ má sọ ọ́ nù ṣá. Ẹ gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lè máa kí yín kú oríire. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ yá a, ẹ ní fíríìjì ń lò ó lọ́wọ́.