Bàálù Onímọ́tò Wáípà

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i pé àga náà ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó ké láti ẹnu ọ̀nà: "Bàbá Ìbejì, ẹ wá wo àga yín o, nǹkan ti gùn ún!" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ojú ibi tó yẹ kó dúró sí ló ń wá. Mo kàn ń díbọ́n ni. Èmi gan-an ò mọ ohun tó ń wá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi X-Plane, eré ìwabàálù orí kọ̀ǹpútà, wa bàálù nínú yàrá. Cessna 172 ni mo fẹ́ràn jù. Màá gbéra ní Ìbàdàn, màá balẹ̀ ní Ìkẹjà, n kò sì ní dìde lórí àga onírọ́bà tí mo jókòó lé. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí bàálù bá tiẹ̀ já lulẹ̀, ìdí mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó wọ takisí Micra láti Òjòó dé Mọ́kọ́lá gbọ̀n jìgìjìgì ju èmi tí mo pe ara mi ní páílọ́ọ̀tì lọ.

Ibi tí mo ti ń ronú èyí ni mo ti kà nípa Edwin Link, ará Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York. Iṣẹ́ piano àti dùùrù ni ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ní 1929, ọkùnrin yìí kó ẹwìrì dùùrù, ó tò ó sábẹ́ àpótí tó ní ìyẹ́ bíi ti bàálù, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, àpótí sì ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún pẹ̀lú èèyàn nínú. Aráyé kọ́kọ́ fi ṣe nǹkan ìṣeré. Nígbà tó di 1934 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà tó ń fi bàálù kó lẹ́tà ń kó sínú kùrukùru tí wọ́n sì ń kú, ni ìjọba wọn wá ra mẹ́fà. Mo ka ìyẹn tán, mo pàtẹ́wọ́. Ẹwìrì kẹ̀? Ẹwìrì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń fẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá Link? Kí ló wá kù tí ọmọ Yorùbá ò lè ṣe?

Àwọn àpótí ńlá irú rẹ̀ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú ń lò lónìí máa ń ní ẹsẹ̀ irin mẹ́fà lábẹ́, bíi ti kòkòrò. Mo ní méjì tó mi. Ẹsẹ̀ méjì náà ṣáà ni Ọlọ́run fún èmi fúnra mi.

Mo gba Gate lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta pààtì ọkọ̀, láti ra mọ́tò wáípà tòkúnbọ̀ méjì. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bátìrì ọkọ̀ lásán ń gbé e, eyín tó wà nínú rẹ̀ sì ń fún un lágbára débi pé bí iná bá lọ, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kò ní lè tì í padà. Ẹni tó ń tà á bi mí pé, "Ọ̀gá, ọkọ̀ wo ni?" Mo ní, "Bàálù ni." Ó wò mí títí, ó fi ẹgbẹ̀rún méjì lé owó ọjà.

Ìjókòó Sienna àlòkù ni mo gbé lọ bá ajórin. Ó jó ọ̀pá kan síbẹ̀, ó fi oríkèé tí wọ́n yọ lára ṣáàfù ọkọ̀ akẹ́rù sáàárín, kí àga lè máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì. Ó wá wò ó, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, àga yìí ga jù. Orí rẹ̀ á wúwo ju ìdí lọ." Mo ní iṣẹ́ ìwé ni, kó jẹ́ ká parí rẹ̀. Ẹ rántí gbólóhùn rẹ̀ yìí.

Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà lára mọ́tò kọ̀ọ̀kan tí yóò máa sọ fún Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí mọ́tò, ibi tó yí dé. Bọ́tìnì kékeré bí èyí tí a fi ń yí ohùn rédíò sókè ni à ń lò. Wáyà mẹ́ta ló ní, mo sì gbé ti àkọ́kọ́ sí ojú ti ìkẹta. Ni Arduino bá ní, "Lọ sọ́tùn-ún díẹ̀." Mọ́tò lọ sọ́tùn-ún. Bọ́tìnì lọ ròyìn pé òsì ló lọ. Arduino ní, "Ọ̀tún mà ni mo wí!" Mọ́tò tún fi kún un. Olófòófó ti dé àárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, wọn ò sì dẹwọ́ títí ọ̀pá irin fi kọ lu férémù gbàù. Èmi wà lórí àga. Ife ògì gbígbóná wà lọ́wọ́ mi, torí mo rò pé páílọ́ọ̀tì a máa mu nǹkan lójú ọ̀nà. Ògì náà dé ara ògiri kí n tó débẹ̀.

Mo tún wáyà tò. Ìgbà náà ni gbígbọ̀n tí ìyàwó mi rí bẹ̀rẹ̀: mo ti fún mọ́tò ní agbára jù, ó ń kọjá ibi tí mo ní kó dúró, ó ń padà, ó tún ń kọjá. Mo dín in kù, ó sinmi.

Mo pe àwọn ìbejì wá wòran. Mo fún bàálù ní iná dé òpin kí n lè gbéra. Nínú ọgbọ́n orí mi, iwájú là ń lọ, nítorí náà iwájú ni mo ní kí àga tẹ̀ sí. Àga ju mí síwájú, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Kẹ́hìndé ní, "Dádì, ṣé a ti balẹ̀ ni?"

Ẹ̀yìn ló yẹ kó tẹ̀ sí. Bí bàálù bá ń sáré, ìjókòó ló ń ti èèyàn lẹ́yìn, inú etí wa kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti kí wọ́n rọra tẹ̀ wá sẹ́yìn. Bí ojú bá ṣáà ń rí ilẹ̀ tó tẹ́jú lórí ẹ̀rọ, etí á gba irọ́ náà gbọ́. Gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún, irọ́ pípa fún etí ni.

Mo tún un ṣe. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń yí sósì lórí Ìkẹjà, òórùn wáyà jíjó gba yàrá. Mọ́tò kan ti jóná. Ọ̀rọ̀ ajórin ló ṣẹ: àga ga jù, gbogbo ìwúwo mi sì ń já lé mọ́tò lórí nígbàkigbà tó bá tẹ̀. Aago mẹ́wàá ti lù, Gate ti tì. Camry mi wà níta. Mo mú sípánà. Ọ̀la ni màá dá mọ́tò wáípà rẹ̀ padà.

Ẹ wò ó, ó ṣiṣẹ́! Bíi ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni mo fi fò láti Ìbàdàn dé Ìkẹjà, tí àga ń tì mí lẹ́yìn, tó ń tẹ̀ bí mo bá yí, mo sì pariwo débi pé bàbá onílé kan ògiri. Mo bẹ ìyàwó mi kó jókòó sí i. Ó lo ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ó jọ Micra," ló wí.

Oṣù kẹfà la wà. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, mo tẹ wáípà, kò mira. Ìyàwó mi ló yọ ọwọ́ lójú fèrèsé tó ń fi ìborùn nu gíláàsì títí a fi dé Sango, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Mọ́tò náà ṣì wà lábẹ́ àga. Bí mo bá yọ ọ́, bàálù ò ní gbéra mọ́. Bí n kò bá sì yọ ọ́, a ò lè jáde nínú òjò. Ẹni tó bá ní mọ́tò wáípà Camry tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi. Ẹ má sì bi mí pé ọkọ̀ wo ni.