Oríkì Sẹkitéríàtì Alágbọn, Ọba Àwọn Ilé Tó Ń Retí Ayálégbé

Kí onílù fọwọ́ sílù, kí alága ìjókòó gba máìkì! Arẹwà Ìkòyí ń bọ̀ wá gba oyè. Ọmọ Ọbaléndé lápá kan, ọmọ Fálómọ lápá kejì. Ọlọ́pọ̀-yàrá-má-lálejò. Ó-ga-fíofío-kò-rẹ́ni-gùn-ún. Ilé ńlá tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ti ń di ẹrù. Ọkọ ìlérí, bàbá ó-kù-díẹ̀. Ẹni tó bá láyà pé òun mọ ìdúró, kó wá wo bí Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ ti Alágbọn, n'Íkòyí, ṣe ń dúró láti ìgbà tí olú-ìlú ti kúrò l'Ékòó ní 1991. Kò jókòó, kò dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàlejò.

Kì í ṣe ọmọ tálákà o. Owó epo rọ̀bì ló bí i. Lẹ́yìn 1973 tí epo wọ́n lágbàáyé, owó wọlé fún ìjọba dé ibi pé nígbà tó fi máa di 1975, òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba àjẹẹ́lẹ̀ owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji fi kún un, wọ́n ń ra rédíò, wọ́n ń ra fíríìjì, wọ́n ń ra mọ́tò. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa jókòó sínú ọ́fíìsì páńpẹ́ tí òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀. Wọ́n bá gbé kọnkéré dìde ní Alágbọn, àdúgbò tí àgọ́ ọlọ́pàá rẹ̀ ti di ohun tí Fẹlá fi kọrin ní 1974. Nígbà tó di 1976, ilé dé. Ọmọ olówó jókòó, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀sà.

Ibi tí orí rẹ̀ ti yàtọ̀ sí orí ilé yòókù nìyí. Lọ́dún 1975 ni ìjọba Murtala Muhammed ti ní kí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà wò ó bóyá Èkó ṣì tó olú-ìlú í ṣe. Ìgbìmọ̀ ní kò tó o mọ́, ó ti há jù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, àṣẹ jáde pé Àbújá ni olú-ìlú yóò kó lọ. Ẹ tún un kà: ọdún tí ilé gba kọ́kọ́rọ́ gan-an ni olú-ìlú gba ìwé ìrìnnà. Òun la lè kì báyìí pé: A-bí-i-tán-bàbá-rẹ̀-dẹrù. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́wọ́ kan, tí wọ́n ń kí pé ó dàbọ̀ lọ́wọ́ kejì.

Ó lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ dáadáa ṣá. Fáìlì gun òkè, fáìlì sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó wá tọ ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí akọ̀wé fi lọ jẹun ọ̀sán, tó dé, tó tún ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Tí a bá ń wá ibi tí ilé yìí ti kọ́ sùúrù, kò jìnnà rárá. Àwọn tó wá rí ìjọba níbẹ̀ ló kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kó ìjọba lọ sí Àbújá. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, àga lọ, fáìlì lọ, ọ̀gá lọ. Ilé ló kù.

Bí àgbàlagbà bá dá wà, wọ́n á bá a wọ aṣọ rẹ̀. Àwọn onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kò pẹ́ dé. Wáyà iná ló kọ́kọ́ máa ń lọ, nítorí bàbà ló wà nínú rẹ̀. Férémù fèrèsé a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni páìpù omi, ìlẹ̀kùn, àti gbogbo ohun tó bá ṣeé gbé kọ́ èjìká nínú yàrá lífítì. Nígbà tí fèrèsé bá lọ tán, òjò kò nílò kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gidi ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, iṣẹ́ tí kò sí bíríkìlà tó ń gbowó rẹ̀. Irin rọ́ọ̀dù ló wà níkùn kọnkéré. Atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ iyọ̀ sí i, omi ń gba ojú tó ti sán wọlé, irin bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Ìpẹtà a máa wú ju irin tó jẹ lọ. Bó ṣe ń wú, bẹ́ẹ̀ ló ń ti símẹ́ńtì jáde lábala lábala, títí irin yóò fi yọ síta lára òpó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi máa ń mi orí bí wọ́n bá ní kó tún ilé tó ti pẹ́ lójú òjò ṣe. Ó-ń-wú-láìjẹun, ìwọ la kí!

Ní 2006 ni ọkọ ìyàwó yọjú. Ìjọba Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń ta àwọn dúkìá tí ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ l'Ékòó, ó sì ta Sẹkitéríàtì fún iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Resort International ní bílíọ̀nù 7 náírà. Ètò ibẹ̀ dùn létí: kí ọ́fíìsì di fúlátì 480, kí àwọn èèyàn wá máa se ọbẹ̀ níbi tí akọ̀wé ti ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ìrètí gbòde. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ bí àwọn ájẹ́ńtì ilé ṣe máa ń gbọ́ irú ìròyìn báyìí; kí ẹnikẹ́ni tó da yanrìn sílẹ̀, wọ́n ti ń sọ fúlátì tó kọjú sọ́sà àti èyí tó kọjú sí bíríìjì, wọ́n ti mọ iye tí agẹrimánẹ̀ẹ̀tì yóò jẹ́. Àwọn ọlọ́jà Ọbaléndé náà kò sùn: ìdílé 480 kò ṣeé fojú kéré fún ẹni tó ń ta ata.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọn kò bá òun sọ ọ́ kí wọ́n tó tà á, àti pé kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́fíìsì di ibùgbé nínú ìpínlẹ̀ òun láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òun. Iṣẹ́ dúró. Bí ìyàwó tí wọ́n ti san owó orí rẹ̀ tán, tí bàbá kejì wá jáde láti yàrá pé òun kọ́ ló gbowó, bẹ́ẹ̀ ni arẹwà wa jókòó sórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú tìróò lójú.

Kí a má fi ẹ̀fẹ̀ bo òótọ́ mọ́lẹ̀: ẹjọ́ Èkó kì í ṣe ẹjọ́ ọmọdé. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wá dájọ́, nínú ẹjọ́ tí Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe, pé ètò ìlú àti àṣẹ ìkọ́lé jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán sì kọ́ ni ètò ìlú. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìdílé a máa wẹ̀, a máa fọṣọ, a máa dáná, a máa tan jẹnẹrétọ̀ lóru, a tún máa gbé mọ́tò méjì-méjì wá. Ó yẹ kẹ́nìkan béèrè ibi tí omi ìdọ̀tí ìdílé 480 yóò ṣàn sí. Ohun tó ṣòro láti gbà ni pé ìbéèrè tí ẹnjiníà mẹ́ta lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ jókòó dáhùn di ohun tí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ta ilé náà dàgbà bá. Ọ̀kan di ìwé ilẹ̀ mú, èkejì di òǹtẹ̀ mú, ẹni tó sanwó di rìsíìtì mú. Ẹni tó bá rò pé àìsí onílé ló sọ ilé di àpatì, kó wá wo Alágbọn: onílé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ-bàbá-méjì-má-rí-oúnjẹ-jẹ!

Àwọn ẹbí rẹ̀ ńkọ́? Ó ní ẹ̀gbọ́n kan n'Íbàdàn tí kò gbọ́n tó o. Ilé Kòkó, alájà 26, tí wọ́n fi owó àgbẹ̀ kọ́ parí ní 1965, jóná ní 1985. Dípò kó lo àǹfààní yẹn láti di àpatì tó lórúkọ, ó jẹ́ kí wọ́n tún òun ṣe, ó sì ṣílẹ̀kùn padà ní 1992. Ọdún méje péré! Ojú tì í. Fúlátì 1004 ní Victoria Island náà kò dára jù ú lọ: dúkìá ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n tà á fún aládàáni, wọ́n kùn ún, àwọn èèyàn kó wọlé, wọ́n ń sá aṣọ sí bákónì. Èyí tó jọ arẹwà wa díẹ̀ ni àbúrò tó wà ní Ìlúbìrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà. Nígbà ìjọba Gómìnà Fáṣọlá, ilé fún ará ìlú ni wọ́n ní àwọn ń kọ́ síbẹ̀. Nígbà tó dé ọwọ́ Gómìnà Ambode, ó di ilé, ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ibi ìgbafẹ́ pa pọ̀. Àwọn apẹja tó ń gbé etí omi náà kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀ jẹ. Wọ́n lé wọn, wọ́n wó ilé wọn ní 2016 àti 2017. Ibi tí ẹ̀fẹ̀ ti ń tán lẹ́nu ẹni nìyẹn.

Kí a padà sórí oyè. Wọ́n ní Ààrẹ Ìdúródè Ìkòyí ni kí á fi í jẹ, ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i láìjiyàn, nítorí kò sẹ́lòmíì tó bá a du ipò. Lábẹ́ bíríìjì Ọbaléndé, tí kò jìnnà sí ẹnu géètì rẹ̀, àwọn èèyàn ń tẹ́ páálí sùn, àmọ́ wọn kì í ṣe ará ìgbìmọ̀. Ó ku ẹ̀bùn tó yẹ olóyè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún un: bílíọ̀nù 7 tí a bá pín sí ọ̀nà 480 kò ju mílíọ̀nù 14 àti ààbọ̀ náírà ó lé díẹ̀ lọ fún fúlátì kọ̀ọ̀kan. Ní 2006, owó ńlá nìyẹn. Dọ́là kan kò tó 130 náírà nígbà náà, gbogbo bílíọ̀nù 7 náà sì lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Ní 2024, nígbà tí dọ́là kan ń lé ní 1,500 náírà, bílíọ̀nù 7 kan náà kò tó mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ẹni tó bá sì gbé mílíọ̀nù 14 àti ààbọ̀ tọ ájẹ́ńtì lọ n'Íkòyí báyìí pé òun fẹ́ gba fúlátì oníyàrá mẹ́ta tó dára fún ọdún kan, ájẹ́ńtì á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì bi í bóyá ó ti wo Àjàh.