Ẹ̀fọn Tó Lé Olú-ìlú
Ẹ̀fọn ló lé olú-ìlú Côte d'Ivoire kúrò ní Grand-Bassam létí òkun. Ẹ̀fọn ni mo wí o, kì í ṣe ẹfọ̀n oníwo. Ní 1893 làwọn Faransé fi ibẹ̀ ṣe olú-ìlú. Nígbà tó di 1899, ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri wọ̀lú, ìjọba palẹ̀ ẹrù mọ́, ó forí lé Bingerville ní 1900. Bí olú-ìlú ṣe di ayálégbé nìyẹn: ó kó wá sí Abidjan ní 1934, ó tún kó lọ sí Yamoussoukro ní 1983. Àbí ká kúkú sọ pé orúkọ nìkan ló kó lọ, torí ẹrù ṣì wà nílẹ̀ ní Abidjan níbí: àwọn mínísítà, àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè, àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo bi àbúrò kan, ọmọ Ànàgó tí wọ́n bí sí àdúgbò Treichville níbí, pé níbo ni olú-ìlú wọn. “Yamoussoukro ni, ẹ̀gbọ́n.” Níbo lẹ ti ń gba fisa? “Abidjan níbí ni.” Bassam ńkọ́? “Ẹja yíyan àti attiéké la máa ń lọ jẹ níbẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú.” Ẹ ò rí i? Ibi tí wọ́n ti sá fún ikú, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Ààfin gómìnà ti di ilé àkójọ aṣọ ìbílẹ̀, UNESCO sì ti ka àdúgbò náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2012. Ẹ̀fọn ibẹ̀ nìkan ni kò tíì kó.