Ògiri Lanu, Wọ́n Fi Fóòmù Dí I Lẹ́nu

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni wọ́n ń fi í bá wí: bí inú ilé bá tòrò, ọ̀tá ìta ò ní rí ọ̀nà gbà wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe náà mọ ògiri dáadáa kí wọ́n tó fi í ṣòwe. Ilé amọ̀ ni wọ́n ń gbé. Bí ògiri bá lanu, amọ̀ ni wọ́n ń pò láti fi dí i. Kò sí èyí tó lọ ra aṣọ fún un nínú wọn.

Ayé ti yí. Ní Sábó Ọ̀yọ́ àti Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, bí ògiri bá lanu, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ọmọbìnrin kan á yọ nínú fóònù náà, èékánná rẹ̀ gùn ṣọnṣọ, ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Á bó ẹ̀yìn páálí pẹlẹbẹ kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, orin á sì máa dún lábẹ́lẹ̀. Kí orin tó parí, yàrá ti dààfin. Ohun tí fídíò náà kì í fi hàn ni bí yàrá ọ̀hún ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Fóòmù ni páálí náà. Wọ́n tẹ àwòrán bíríkì sí i lójú, wọ́n pa gọ́ọ̀mù sí i lẹ́yìn. Ẹ wá rò ó wò: búlọ́ọ̀kù gidi ni wọ́n fi kọ́lé, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí búlọ́ọ̀kù má baà hàn, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n wá lọ fowó ra àwòrán búlọ́ọ̀kù lẹ̀ mọ́ ọn. Bí èèyàn bá ní ọ̀lajú ni, kí ó má jẹ́ kí bíríkìlà gbọ́.

Ká sòótọ́, ẹjọ́ ayálégbé nìkan kọ́. Ẹni tó gba yàrá kan nínú ilé tí yàrá kọjú síra wọn, tó ti bẹ lańlọ́ọ̀dù títí pé kí ó wá wo ibi tó sán, tí lańlọ́ọ̀dù sì ń dá a lóhùn pé "Ṣé o fẹ́ gbé ògiri lọ ni?", kí ni kí ó ṣe? Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa sọ iye tó tó, ọ̀dà gbówó lórí, sìmẹ́ǹtì gbówó lórí, owó ilé pàápàá ò dúró lójú kan. Fóòmù wá dà bí ohun tí apá ká. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń pààrọ̀ ilé lọ́dọọdún ò sì ní pe kọ́lékọ́lé wá tún ilé onílé ṣe. Ó fẹ́ kí yàrá òun dùn ún wò, ó sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Àbùkù wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fóòmù. Gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ eruku, ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú sì máa ń hó lẹ́búlẹ́bú lára ògiri. Ọyẹ́ á fẹ́, etí páálí á bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè. Òjò á dé, omi ilẹ̀ á gun ògiri láti ìpìlẹ̀, fóòmù ò ní jẹ́ kí ó gbẹ. Nǹkan dúdú-dúdú á máa hù lẹ́yìn rẹ̀, òórùn á gba yàrá kan. Ìgbà yẹn ni aláǹgbá tí àwọn àgbà ti ń ṣọ́ tipẹ́tipẹ́ á wá rí ilé tí baba rẹ̀ ò rí rí: iwájú rẹ̀ fóòmù, ẹ̀yìn rẹ̀ ògiri, ó ṣókùnkùn, ó móoru, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi ìgbálẹ̀ kàn án. Ọmọńlé pàápàá á kó tìyàwó-tọmọ wá. Ayálégbé ń sanwó, àwọn ń gbé ọ̀fẹ́.

Ọ̀yọ́ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ ní ọ̀ṣọ́ ilé. Ìlú àwọn tó ń fín igbá ni, ìlú àwọn oníṣọ̀nà awọ tó ń ṣe tìmùtìmù. Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé Ọ̀yọ́, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 1921, ṣàpèjúwe agbo ilé ayé ìgbà náà: ilé yípo onígun mẹ́rin, àgbàlá láàárín, ẹnu ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo. Ògiri nípọn. Òrùlé na ọwọ́ kọjá ògiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ rí ara ògiri sun. Wọ́n ń fi ẹlẹ́bọ́tọ àti omi ewé rẹ́ ilẹ̀ àti ara ilé títí á fi máa dán. Bí òjò bá bà á jẹ́, wọ́n á tún un rẹ́. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe olówó pọ́ọ́kú gan-an nìyẹn, àfi pé kò sí ẹni tó yà á sí fídíò.

Nígbà tí sìmẹ́ǹtì wá dé, ojú ń kán gbogbo èèyàn láti bọ́ lára amọ̀, ni wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé amọ̀. Amọ̀ ń mumi, ó ń wú, ó sì ń sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì le, kì í bá a wú, kì í bá a sún kì, kì í sì í jẹ́ kí omi tó ti wọnú amọ̀ jáde. Wọ́n á pínyà. Ẹni tó bá rìn láàárín àwọn ilé àtijọ́ l'Ọ̀yọ́ tàbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ á rí i fúnra rẹ̀: sìmẹ́ǹtì já lulẹ̀ lábala-lábala, amọ̀ pupa yọjú. Fóòmù àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn bàbá ló kọ́kọ́ ra aṣọ fún ògiri, kí àwọn ọmọ tó wá fi àwòrán sí i.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé ló tún wá ga jù.

Ilé àtijọ́ ò ní fèrèsé púpọ̀, àgbàlá ni atẹ́gùn ń bá wọlé. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún gbé fèrèsé onípákó ńlá dé, tí èèyàn lè ṣí gbayawu. Lẹ́yìn náà ni lúfà gbòde, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣí i, gbogbo ojú fèrèsé ló ṣí. Lónìí, lúfà ti di ohun ìtìjú. Fèrèsé àlùmíníọ́mù tó ń sún lọ sún bọ̀ ló lóde, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ péré ló lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá fi owó ńlá pa ìdajì atẹ́gùn tán, wọn á wá kó kọ́tínnì dí ìdajì tó kù.

Kọ́tínnì ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Òfin télọ̀ ni pé kí aṣọ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ojú fèrèsé kí ó lè ṣẹ́ dáadáa. Fèrèsé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 gba aṣọ ẹsẹ̀ bàtà 8, kí wọ́n tó wá ní kí ó balẹ̀, kí ó ní ìtẹ́nú, kí ó ní nẹ́ẹ̀tì lábẹ́, kí ó sì ní fìlà lókè. Àwọn tó fẹ́ dín owó kù á dá ọbíọ̀mà dúró, Hausa tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká, tó ń lu sísọ́ọ̀sì rẹ̀ káàkiri àdúgbò kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ó ti dé. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé láàárín òun àti ìyàwó ilé kì í jìnnà sí èyí:

"Àbókí, ẹ bá mi rán kọ́tínnì yìí. Mo fẹ́ kí ó ti òkè dé ilẹ̀."

"Àǹtí, fèrèsé yín ò gùn tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fi fèrèsé sílẹ̀, ògiri ni kẹ́ ẹ wò."

"Ṣé ògiri lẹ fẹ́ ránṣọ fún ni?"

"Àbókí, ẹ ṣáà máa rán an."

Àbókí á rán an. Ohun tó bèèrè lọ́gbọ́n nínú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sanwó ọgbọ́n fún ọbíọ̀mà. Nígbà tó bá di Oṣù Kejì, tí oòrùn ń jó, tí iná ò sí, tí fáànù sì dákẹ́ lókè, onílé á wà nínú òkùnkùn aláràbarà ní aago méjìlá ọ̀sán, á tan tọ́ọ̀ṣì fi wá ṣíbí, á máa fi ìwé ìpè ìgbéyàwó fẹ́ ara rẹ̀. Ó gbà pé kọ́tínnì ló ń gba òun lọ́wọ́ ooru. Ooru ti wọlé ná. Gíláàsì ló gbà wọlé. Kọ́tínnì tó wà nínú yàrá kàn gbà á mọ́ra ni, á sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́. Ohun tó bá dá oòrùn dúró níta, kó tó kan gíláàsì, ló ń ran yàrá lọ́wọ́ jù.

Èyí kì í ṣe àṣírí. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn àti ògiri oníhò ni wọ́n fi dojú kọ oòrùn, kí atẹ́gùn lè máa gba inú ilé kọjá. Wọ́n kọ ìwé lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru ní 1956. Demas Nwoko, tó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican n'Ìbàdàn, fi ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti ohun tó wà nílẹ̀ yìí gbọ́ bùkátà ilé. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ kìnnìún wúrà ní Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún ihò ara ògiri. Níhìn-ín, ẹni tó bá bá búlọ́ọ̀kù oníhò nínú ilé tó gbà, ráìsì rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní tíì jinná tí yóò fi wá ọ̀rá dí i.

Ó kù síbi tí ẹ̀rín ti ń tán: ọ̀ṣọ́ ilé lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bébà ògiri aláwọ̀ ewé gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀ tí Carl Scheele ti Sweden ṣe ní 1775 wà nínú rẹ̀, májèlé arsenic ló sì fi ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà sọ pé nǹkan bí ọmọ 9 tí kò ju ọdún 5 lọ ni okùn búláìǹdì àti kọ́tínnì ń fún lọ́rùn pa lọ́dọọdún. Láti ìparí 2018 ni àwọn tó ń ṣe búláìǹdì níbẹ̀ ti fẹnu kò pé èyí tó wà lórí àtẹ kò gbọdọ̀ ní okùn gígùn tó rọ̀ sílẹ̀. Olókùn gbọọrọ náà ṣì ń wọ ilé wa.

Iná ló burú jù. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹfà 2017, Grenfell Tower ní London, ilé alájà 24, gbiná, èèyàn 72 kú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páálí aláwọ̀ mèremère bo ara ilé náà ní ọdún tó ṣáájú ni. Síńkì ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò. Wọ́n fi páálí àlùmíníọ́mù tó ní ọ̀rá nínú pààrọ̀ rẹ̀ torí ó dínwó. Ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ ní 2019 pé páálí yẹn gan-an ló jẹ́ kí iná ràn. Ọ̀yọ́ náà mọ iná, ọjà Akẹ̀sán jó ní Oṣù Kìíní 2020. Bẹ́ẹ̀ ni fóòmù wà lára ògiri, kọ́tínnì ọ̀rá balẹ̀ lójú fèrèsé, àbẹ́là ń jó láàárín wọn nígbà tí iná bá lọ. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọn ò mẹ́nu ba yàrá ayálégbé.

Ṣé kí èèyàn wá máa gbé nínú yàrá bí ọmọ ẹ̀wọ̀n ni? Rárá. Owó fóòmù odi kan tó láti ra sìmẹ́ǹtì díẹ̀ àti yanrìn tí wọ́n á fi dí ibi tó sán lára ilé búlọ́ọ̀kù. Ti ilé amọ̀, amọ̀ ni kí wọ́n fi dí i. Aṣọ òkìríkà olówùú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tó mọ́lẹ̀ láwọ̀, tó kan mọ níwọ̀n fèrèsé, á bo àṣírí láìdí atẹ́gùn, ó sì ṣeé fọ̀ bí ọyẹ́ bá da eruku sí i. Ẹní tí àwọn Hausa ń tà ní Sábó, bí wọ́n bá fi í kọ́ sẹ́yìn fèrèsé níta níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé, á ṣe ohun tí kọ́tínnì ìtẹ́nú mẹ́ta ò lè ṣe. Òfì àtijọ́ tó ti ń sùn nísàlẹ̀ àpótí, igbá fínfín méjì lára ògiri, tìmùtìmù kan nílẹ̀: ta ni yóò wọlé tí kò ní bèèrè ibi tí wọ́n ti rí i?

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ẹwà wọ̀nyí: nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ní orílẹ̀-èdè Gambia, àwọn olùwádìí fi nẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé àwọn ilé kan, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì ṣe àjà fún àwọn mìíràn, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009: ẹ̀fọn tó ń wọlé dín kù ní bí ìdajì, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára wọn náà sì dín kù. Káfíńtà àdúgbò mọ iṣẹ́ yìí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, nẹ́ẹ̀tì, ìṣó wẹ́wẹ́. Ẹ sọ fún un pé kí ó ṣe é bí èyí tó ṣeé yọ, kí ẹ lè máa fọ eruku ara rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó parí rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.