Ẹ̀ṣẹ̀ Tó Ń Rùn àti Èyí Tó Ń Ta Sánsán

Ẹ sún mọ́bí, kí n fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ ọ́, torí ògiri létí. Ní Ilé-Ifẹ̀ wa yìí, láti Lágere títí dé Ẹnuwá, bí ọmọ ìjọ bá fi sìgá kan ṣoṣo sẹ́nu nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ìròyìn rẹ̀ á ti dé ilé bàbá rẹ̀ kí èéfín náà tó lọ. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti gba aṣọ akọrin lọ́rùn rẹ̀, Ìyá Ìjọ ti pe àwọn obìnrin jọ fún àdúrà ìtúsílẹ̀, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ojú rẹ̀ rí sì ti ń káwọ́ lérí: "Háà! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ààwẹ̀ bí! Ayé mà ti bàjẹ́ o."

Èmi náà káwọ́ lérí. Ta ni kò ní ká a? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí wò.

Níbi ìnáwó kan báyìí, bàbá kan tí ipò rẹ̀ nínú ìjọ kò kéré ni wọ́n fi jókòó síwájú. Mi ò ní dárúkọ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé ṣúgà inú ara rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá jẹ iyán, wọ́n bù kún un, ó tún fi ìrẹsì lé e. Ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹran ọlọ́ràá, kò sí èyí tó rí tó yà fún. Ó wá fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sin gbogbo rẹ̀ lọ, ìgò kan ń tẹ̀lé òmíràn. Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin tó ń gbé abọ́ wí: "Ẹ ò mà jẹun, sà! Ṣé ọbẹ̀ wa ò dùn ni?" Kò pẹ́, kò jìnnà, apá kan rọ, ẹsẹ̀ kan rọ, ẹnu wọ́. Kí ni gbogbo ìjọ sọ? Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Ọwọ́ ayé! Ṣé ọwọ́ ayé ló ń bu òkèlè ni?

Ṣíọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti Bíbélì tí wọ́n fi ń na ẹni tó ń mu sìgá. Gbogbo wọn ló mọ Kọ́ríńtì Kìíní orí kẹfà lórí, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti fi ara onígbàgbọ́ wé tẹ́ḿpìlì. Ẹ lọ ka ohun tó ṣáájú rẹ̀. Àgbèrè ni Pọ́ọ̀lù ń bá wọn wí! Níbo ni tábà wà ní Kọ́ríńtì nígbà náà? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé náà ti wá, Yúróòpù kò sì mọ̀ ọ́n títí di ẹ̀yìn ìrìnàjò Columbus ní 1492. Bí ẹ bá fẹ́ na ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù dé orí sìgá, mo fara mọ́ ọn, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó dúró síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó dé orí abọ́ iyán pẹ̀lú. Ìwé Òwe, ní orí kẹtàlélógún, kò ya ọ̀mùtí nípá kúrò lára ọ̀jẹun. Ìlà kan náà ló tò wọ́n sí. Élì àlùfáà ńkọ́? Nígbà tó ṣubú sẹ́yìn lórí àga, tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, Sámúẹ́lì Kìíní kò fi bò fún wa pé bàbá náà ti darúgbó, ó sì sanra. Ta ló ti gbọ́ ìwàásù lórí ìyẹn rí nínú yín? Oníwàásù wo ikùn ara rẹ̀, ó rọra ṣí ojú ìwé mìíràn.

Kì í sì ṣe Ifẹ̀ nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1874, àlùfáà ará Amẹ́ríkà kan, George Pentecost, dìde nínú ìjọ Charles Spurgeon, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe bá sìgá ńlá tó ti wọ òun lẹ́wù jìjàkadì kí òun tó lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Àṣé Spurgeon fúnra rẹ̀, ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wọ́ lọ gbọ́ ìwàásù rẹ̀, ń mu ú! Ẹ rò pé ojú tì í? Ó dìde níbẹ̀ náà, ó ní òun á mu tòun sí ògo Ọlọ́run lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí òun tó sùn. Páà! Àwọn ìwé ìròyìn gbé e kiri bí ẹni gbé ẹran ọdún. Spurgeon kú ní 1892, ní ẹni ọdún 57, lẹ́yìn tí àrùn oríkèé-ara ti bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò sọ pé sìgá ló pa á o. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn oníwàásù wa títí di òní, ọmọ akọrin wa ni kò lórúkọ mọ́.

Àwọn tó tilẹ̀ ń gbìyànjú láti ṣe é déédé wà láàárín wa, àwa la sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọ Seventh-day Adventist, tó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ní 1940, kò fàyè gba sìgá, kò fàyè gba ọtí, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì ka oúnjẹ àti ìsinmi mọ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. A máa ń ní kò sí fàájì lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó wà nínú àpò tiwọn náà. Ellen White, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìjọ náà sílẹ̀, ní òun rí ìran nípa ìlera ní 1863. Nígbà tó di 1882, ìyá kan náà kọ lẹ́tà sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun ra oyster inú agolo, ẹ̀dá inú òkun tó ń gbé inú ìkarahun, èyí tí Léfítíkù kà sí èèwọ̀! Ó di 1894 kó tó fi ẹran jíjẹ sílẹ̀ pátápátá. Ọdún 31 gbáko, láti orí ìran dé inú abọ́! Èmi ò pè é ní àgàbàgebè. Ohun tó bá ti mọ́ni lára kì í lọ lọ́jọ́ kan. Ọdún 31 ni ìyá yẹn rí lò. Ọjọ́ méjì péré la fún ọmọ akọrin wa.

Ẹ sì má gbàgbé Iléṣà tó wà nítòsí wa níbí, níbi tó jẹ́ pé oògùn gbígbé mì gan-an ni wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà kan. Ní àkókò ìsọjí Òkè-Oòyè ní 1930, tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń fi omi àdúrà wo aláìsàn, àwọn àgbà ìsọjí náà kò fẹ́ rí àgbo, wọn kò sì fẹ́ rí oògùn òyìnbó. Wọ́n wá lọ bá àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church láti Bìrìtìkó dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ará, àwọn òyìnbó náà ń gbé kiníìnì mì nítorí ibà! Ìjà yẹn wà lára ohun tó tú wọn ká, tí Christ Apostolic Church fi dá dúró. Títí dòní, a ṣì ń rí ẹni tó ń jó wá síwájú láti jẹ́rìí pé òun ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù. Ìjọ á pàtẹ́wọ́. Á jó padà sáyè rẹ̀, á ṣe ìṣọ́ òru mọ́jú láìsùn, á sì gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ lé e. Ẹni tó fi sìgá ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó fi orí kunkun ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ ni akọni ìgbàgbọ́.

Àwọn Kátólíìkì ni mo rí tó dì í sínú ẹrù kan: ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn ka àṣejù nínú oúnjẹ, ọtí, tábà àti oògùn pọ̀ láìṣe ojúsàájú. Póòpù Francis sì fòpin sí títa sìgá ní Vatican láti 2018, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ńlá ń wọlé níbẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú iyán, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń wá ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí afọ́jú nì, Jésù kò gbà fún wọn. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ òru kò jẹ́ kó sùn, tálákà tó jẹ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà ni kí nǹkan kan jọba lórí ẹni. Pọ́ọ̀lù sọ bẹ́ẹ̀ ní orí kẹfà kan náà, kó tó dé ibi tẹ́ḿpìlì tí ẹ ń fà yọ. Ẹ̀ṣẹ̀ sì tún wà nínú ìyà tí à ń fi jẹ ẹlòmíràn. Aya tó ta ṣéènì wúrà rẹ̀ nítorí owó ìtọ́jú, ọmọ tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kó lè máa gbé bàbá lọ, gbé bàbá bọ̀ ní ọsibítù, ṣé wọ́n bá a jẹ nínú iyán náà ni? Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ará ilé ẹni ló ń san owó ọkọ̀ ìrìnàjò náà.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Ó dáa. Jésù fúnra rẹ̀, wọ́n pè é ní ọ̀jẹun àti ọ̀mùtí nígbà ayé rẹ̀, torí pé ó ń bá ènìyàn jẹun. Olófòófó ti wà láyé tipẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n máa ṣọ́ra díẹ̀. Mo ní díẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó tún pe ìpàdé àdúrà lé ọmọ ẹlòmíràn lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, kí gbogbo wa na apá, kí ẹ sì ti ọ̀dọ̀ àwọn olóyè ìjọ bẹ̀rẹ̀.

Ní ti aásà tó wà nínú báàgì aya díákónì kan báyìí, ó di ìgbà mìíràn. Mo ti panu mọ́.